Royce Tidmore àti Sinimá Tí Wọ́n Ṣe Nínú Ilé Rẹ̀

Nígbà tí Nelda Tidmore kú, kò sẹ́ni tó rí omi lójú ọkọ rẹ̀. Mo wà níbi ìsìnkú náà, mo sì wà lára àwọn tó gbé pósí. Royce dúró létí kòtò, ó di akẹtẹ̀ rẹ̀ mú níwájú ikùn, ó ń wo àwọn tó ń rọ́ erùpẹ̀ bí ẹni tó ń wo àwọn tó ń dí ihò ojú títì. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn obìnrin ìjọ gbé oúnjẹ kalẹ̀ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jẹ ẹran díndín, ó jẹ ẹ̀wà, ó sì tún padà lọ bu búrẹ́dì àgbàdo sí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó délé, ó bọ́ kóòtù, ó gbé òòlù, ó lọ tún ilẹ̀kùn ilé adìẹ tí afẹ́fẹ́ já ṣe.

Ìlú wa ò tóbi. Dorrance ni wọ́n ń pè é, oko òwú ló yí i ká, ní apá àríwá Texas níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti í sinmi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo ìlú ti mọ̀ pé Royce jẹun lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sunkún. Àwọn kan ní ọkàn rẹ̀ le. Àwọn kan ní àbí kò fẹ́ràn obìnrin náà ni. Èmi ò bá wọn dá sí i. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń ta gìtá báàsì lẹ́yìn rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, mo sì mọ ojú tó fi máa ń wo Nelda láti orí pèpéle.

Ọmọ àwọn tó ń ṣa òwú lóko olówó ni Royce. Bàbá rẹ̀ ra gìtá ògbólógbòó kan lọ́wọ́ sójà tó ti ojú ogun Korea dé, pé kí ọmọ lè rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe nígbà òjò. Ọmọ náà ò gbé gìtá náà sílẹ̀ mọ́. Ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ló ti ń kọrin kọ́ńtìrì, orin àwọn ará oko Amẹ́ríkà, níbi ijó ọjọ́ Sátidé. Nígbà tó yá, ó ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù kan ní Fort Worth, rédíò sì gbé e káàkiri Texas ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn. Àwọn ará Nashville, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù kọ́ńtìrì, ránṣẹ́ pè é. Ó lọ, ó lo ìgbà òtútù kan lọ́hùn-ún, ó padà wálé. Ohun kan ṣoṣo tó sọ fún wa ni pé wọ́n ní ohùn òun dára, àmọ́ ojú òun dà bí ojú ẹni tó fẹ́ ta fíríìjì fúnni.

Nelda ò bi í léèrè ohunkóhun. Ó kàn ní gbọ̀ngàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ń wá ẹni tí yóò máa kọrin níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Bó ṣe di iṣẹ́ Royce nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀, á fi ọkọ̀ gbé gáàsì ìdáná káàkiri oko àwọn ènìyàn. Tó bá di Sátidé, á dé akẹtẹ̀ funfun, á gun pèpéle. Ẹnu ọ̀nà ni Nelda máa ń jókòó sí, á máa lu òǹtẹ̀ sí ọwọ́ ẹni tó bá ti sanwó, á sì máa bú ẹni tó bá fẹ́ yọ́ wọlé. Bí Royce bá kọrin gùn jù, Nelda á na ọrùn láti ẹnu ọ̀nà, á fọwọ́ kan aago ọwọ́ rẹ̀. Royce á sì gé orin náà síbi tó dé.

Lẹ́yìn tí Nelda kú, Royce ò pa ọjọ́ kankan jẹ. Ohùn rẹ̀ ò yẹ̀. Kódà, mo lè sọ pé ó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn ènìyàn ń jó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àmọ́ àwa tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń wo ara wa lójú. Lọ́jọ́ kan tí a jọ wà nínú ọkọ̀ mi, mo bi í bó ṣe ń ṣe é.

Ó ní, “Burl, ṣé o rántí ìgbà tí dókítà fún mi lábẹ́rẹ́ kó tó yọ eyín mi? Tí mo ń gé ètè ara mi jẹ tí mi ò mọ̀?”

Mo ní mo rántí.

“Bó ṣe rí nìyẹn. Kì í wá ṣe ẹnu nìkan.”

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni àwọn onísinimá dé. Láti California ni wọ́n ti wá, obìnrin kan báyìí tó ń jẹ́ Maren Ostby ló ń darí wọn, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè. Sinimá tí wọ́n fẹ́ ṣe dá lórí olórin kọ́ńtìrì kan tó ti darúgbó. Ìyàwó rẹ̀ yóò kú, ọkùnrin náà yóò gbé ọtí lé ẹnu, yóò wá ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n ti jọ já ara wọn sílẹ̀ lọ, wọn yóò sì parí ìjà. Wọ́n ń wá ilé àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì tún ṣe. Wọ́n béèrè nílé oúnjẹ tó wà ní títì ńlá, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì na ìka sí ọ̀nà ilé Royce.

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́. Mo rò pé yóò lé wọn. Àmọ́ kò tilẹ̀ jẹ́ kí Maren sọ̀rọ̀ rẹ̀ parí. Ó ní kí wọ́n máa wọlé, pé omi ilé ìwẹ̀ kì í tètè gbóná, kí wọ́n fún un láyè. Ó di aṣọ rẹ̀ sínú àpò kan, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ èmi àti ìyàwó mi.

Desmond Kell lórúkọ òṣèré tó ń ṣe olórin náà. Ará Australia ni, ara rẹ̀ yá mọ́ ènìyàn, ó sì ti kọ́ bí àwa ará Texas ṣe ń sọ̀rọ̀ débi pé ìyàwó mi bi í ìdílé tó ti jáde ní Lubbock. Ohun tó dà á láàmú ni gìtá. Ó lè kọrin, ṣùgbọ́n àwọn ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Royce gbìyànjú láti kọ́ ọ, ó ṣe sùúrù gan-an, kò ṣiṣẹ́. Ni Maren bá ní ọwọ́ Royce ni àwọn yóò máa yà níbi tí ọwọ́ bá ti ní láti hàn. Wọ́n gbé ṣẹ́ẹ̀tì Desmond wọ̀ ọ́, wọ́n ní kó bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ torí òrùka ti inú sinimá yàtọ̀. Royce fi ọṣẹ bọ́ ọ, ó jù ú sínú àpò ṣòkòtò. Kò sì wọ̀ ọ́ padà títí tí ìyàwó mi fi rí i níbi tó ti ń fọ aṣọ, tó sì lọ fi í lé e lọ́wọ́.

Desmond fẹ́ràn láti máa wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lẹ́yìn iṣẹ́. Ó fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí lóòótọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni Tidmore, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi, sà. Nígbà tí ẹ sin ìyàwó yín tán, kí lẹ ṣe?”

“Mo tún ilẹ̀kùn ilé adìẹ ṣe.”

“Lẹ́yìn ìyẹn ń kọ́?”

“Àwọn adìẹ wọlé.”

Desmond rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Royce náà rẹ́rìn-ín, torí ó rí i pé ẹnì kejì ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí wọ́n ya ibi ìsìnkú, ní itẹ́ òkú ìlú wa gan-an ni wọ́n ti yà á, ní apá kejì, ibi tó jìnnà sí ibojì Nelda. Wọ́n ní kí àwọn ará ìlú wọ dúdú kí wọ́n wá dúró bí aṣọ̀fọ̀. Ìyàwó mi wà lára wọn. Èmi àti Royce dúró lẹ́yìn kámẹ́rà. Desmond kúnlẹ̀, ó bu erùpẹ̀ sọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kì í ṣe ẹkún aláriwo. Ó dà bí ẹni tí nǹkan ń fà nínú. Ìyàwó mi sunkún. Ọkùnrin tó gbé kámẹ́rà ń fi èjìká nu ojú. Nígbà tí wọ́n ní ó tó, Royce bi mí bóyá mo rí ibi tí òun gbé ife kọfí òun sí.

Mo bá a wá a. Ó mu díẹ̀ níbẹ̀.

Ó ní, “Ó mọ̀ ọ́n sun o.”

“Kí ni?”

“Ẹkún. Ó mọ̀ ọ́n sun dáadáa.” Ó tún mu kọfí. “Òun ló yẹ ká rán lọ síbi ìsìnkú Nelda.”



Lẹ́yìn ìyẹn lọ̀rọ̀ aṣọ ṣẹlẹ̀. Obìnrin tó ń ṣètò aṣọ fún wọn rí kọ́bọ́ọ̀dù Nelda nínú yàrá, tí gbogbo gáùn rẹ̀ ṣì kọ́ síbẹ̀. Ó sọ fún Maren pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ gan-an làwọn ń wá kiri. Maren fúnra rẹ̀ wá bá Royce nílé wa. Ó béèrè, Royce ní kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, “Ṣé ó dá yín lójú, sà? Bí ẹ bá ní rárá, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.” Royce ní, “Ó kàn kọ́ síbẹ̀ ni, mà. Kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́.”

Wọ́n mú gáùn aláwọ̀ ìyeyè kan tó ní bọ́tìnnì funfun láti ọrùn délẹ̀.

Carlene, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, nọ́ọ̀sì ni ní Amarillo. Ó mọ̀ pé àwọn onísinimá wà nílùú, àmọ́ ìta ilé ló rò pé wọ́n ń yà. Lọ́jọ́ tó ráyè, ó wa ọkọ̀ wá láì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó gbé àpò tòmátì dání fún bàbá rẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Èmi àti Royce jókòó sábẹ́ igi. Kámẹ́rà dúró lórí koríko, ó kọjú sí fèrèsé ilé ìdáná. Nínú fèrèsé náà, obìnrin kan ń fọ abọ́, ó wọ gáùn ìyeyè, wọ́n ti di irun rẹ̀ bí Nelda ṣe máa ń di tirẹ̀, torí wọ́n ti rí fọ́tò lára ògiri.

Carlene dúró. Ó rọra gbé tòmátì sílẹ̀, bí ẹni pé ẹyin ló wà nínú rẹ̀. Kò pariwo. Ó rìn kọjá níwájú kámẹ́rà, ó fi ìka kan gíláàsì fèrèsé. Òṣèrébìnrin náà gbójú sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà,” ni Carlene wí, “ẹ bá mi bọ́ aṣọ màmá mi.”

Maren ti ń bọ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n Carlene ti yíjú sí bàbá rẹ̀.

“Dádì, ẹ̀yin lẹ gbé e fún wọn?”

Royce ní, “Wọ́n tọrọ rẹ̀.”

“Èmi náà tọrọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, nínú yàrá yẹn, aṣọ yẹn gan-an. Ẹ ní kí n ní sùúrù. Ẹ ní ẹ ò tíì lè fara dà á kó kúrò níbẹ̀.”

Mo wo ojú Royce. Ó dà bí ẹni tó ń fọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò gbogbo.

“Mi ò rántí,” ló wí.

“Ẹ ò rántí.”

“Carlene, mi ò rántí ọjọ́ yẹn rárá. Mo mọ̀ pé ó yẹ kó dùn mí. Mò ń dúró de ìbànújẹ́ náà. Ní àràárọ̀ ni mo máa ń jí, tí mo máa ń dúró dè é. Kò dé.”

Carlene fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé mo ní láti tẹ́tí.

“Ẹ̀ ń dúró dè é, Dádì. Èmi wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti wà nínú rẹ̀, èmi nìkan.”

Òṣèrébìnrin náà ti bọ́ gáùn, ó ti ká a, ó gbé e jáde tòun ti omijé, ó ń tọrọ àforíjì. Carlene gbà á, ó sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀. Royce gbé tòmátì, ó gbé e wọ ilé ìdáná lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó sẹ́bàá fèrèsé. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ibi tí wọ́n ń yà nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn Maren wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní àwọn yóò tún apá yẹn yà pẹ̀lú aṣọ mìíràn. Royce ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó wá bi í nípa ìparí sinimá náà, ibi tí ọmọ ti dárí ji bàbá.

“Kí ni bàbá náà sọ fún un?”

Maren ní, “Kò sọ nǹkankan, sà. Ó kọrin fún un ni.”

Royce mi orí. Ó ní, “Carlene ò fẹ́ràn orin mi. Látọmọdé ló ti ń sọ pé imú ni mo fi ń kọ ọ́.”

Àwọn onísinimá lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìkórè òwú. Wọ́n gbìyànjú láti to ilé padà bí wọ́n ṣe bá a, ṣùgbọ́n wọ́n gbé àga gígùn sí ògiri òdìkejì, Royce sì jókòó síbi tí wọ́n gbé e sí. Ní Sátidé kan lẹ́yìn Ọdún Ìdúpẹ́ tó máa ń wáyé ní ìparí oṣù Kọkànlá, ó kọ orin kan tán, àwọn ènìyàn ń dúró de òmíràn. Ó bọ́ okùn gìtá lọ́rùn. Ó sọ sínú ẹ̀rọ pé, “Ó tó báyìí. Ẹ ṣeun.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó kọ ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ bù kún tirẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ mi. Mo wà lórí pèpéle tí mo di báàsì mú, tí onílù ń wò mí. Látọjọ́ náà, àwa mẹ́ta tó kù nínú ẹgbẹ́ là ń ṣeré náà, àwọn tó ń wá sì ti dín kù.

Ó lé ní ọdún kan kí sinimá náà tó jáde. Maren fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ fún wa láti wò ó ní Wichita Falls. Royce àti Carlene ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ àyàfi ní ọjọ́ Kérésìmesì, ìyẹn náà ò ju “ara ń le” lọ. Èmi rò pé èmi ni yóò tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kan ló wá sọ fún mi pé òun ti pe Carlene lórí fóònù. Carlene bi í bóyá ó fẹ́ kí òun wá. Ó sì dá a lóhùn pé òun ò mọ ohun tí òun fẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n àga kan yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, òun yóò sì fẹ́ kí Carlene jókòó síbẹ̀ ju Burl lọ, torí Burl máa ń jẹ gúgúrú bí ẹṣin.

Carlene wá. Èmi àti ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn wọn. Ọwọ́ Royce hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ gan-an, ó tóbi ju ilẹ̀kùn ilé lọ, pẹ̀lú àpá tó wà lórí àtàǹpàkò rẹ̀, ó ń ta gìtá. Kámẹ́rà gòkè díẹ̀, ojú Desmond ló wà lókè rẹ̀. Àwọn ènìyàn inú ilé sinimá ń mí kanlẹ̀. Mo rí i tí Carlene na ọwọ́, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú lórí apá àga. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ inú sinimá dárí ji bàbá rẹ̀, gbogbo ènìyàn ń fa imú. Royce ń wò ó bí a ṣe máa ń wo òjò láti inú ilé. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbi tí Carlene dì í mú sí.

Òòrùn ṣì wà lókè nígbà tí a jáde. Carlene bi í bó ṣe rí i. Ó ní sinimá náà dára, pé ẹni tó kọ ọ́ mọ nǹkan tó ń ṣe, àmọ́ ọkùnrin inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jù. Carlene rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Royce dúró tì í láàárín àwọn ọkọ̀, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Ó wá bọ́ akẹtẹ̀ rẹ̀, ó fi dí òòrùn fún un lójú títí ó fi sunkún tán.

Kí òtútù tó dé, ó ti kó lọ sí Amarillo. Carlene ló ní kó wá, òun náà sì ní kò burú. Ó fún mi ní àwọn adìẹ. Ó ta ilé fún tọkọtaya kan tó wó ògiri ilé ìdáná kí wọ́n lè fẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní ilé ìdáná náà há lóòótọ́.

Mo lọ wò ó ní oṣù Kẹrin tó kọjá. Ó ti sanra díẹ̀. Òun ló ń mú ajá Carlene rìn kiri àdúgbò, àwọn aládùúgbò mọ̀ ọ́n sí bàbá alájá, wọn ò mọ̀ pé ó kọrin rí. Gìtá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo béèrè bóyá ọkàn rẹ̀ ti ń padà bọ̀. Ó wò mí, ó ronú sí i, ó ní òun ń sùn dáadáa, òun ń jẹun, òun ò lè sọ ju ìyẹn lọ fún mi kí òun má bàa parọ́.

Bí a ṣe jókòó níbẹ̀, Carlene ń dín ẹran ní ilé ìdáná, ó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì kan sábẹ́ ohùn. Nígbà tó dé ibi tó ga, ohùn rẹ̀ ya. Ó tún gbìyànjú, ó tún ya.

Royce ò dìde. Ó gbé ohùn sókè láti ibi tó jókòó sí. “O ti bẹ̀rẹ̀ láti òkè jù.”

“Ẹ wá bá mi kọ ọ́, nígbà náà,” ni Carlene dáhùn.

“Mi ò kọrin. Ṣáà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.”

Carlene bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Royce tẹ́tí sí i títí ó fi kọjá ibi tó ga náà, ó wá yíjú sí mi, ó bi mí iye tí wọ́n ń ta òwú lọ́dún yìí.